Ẹ̀jẹ̀ Pọ̀ Níbẹ̀: Ìtàn Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Inú Kókó Ọpọlọ

Ní ìsinmi ọdún tí ó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń gbé yàrá kan náà mú mi lọ sí ilé wọn ní Ìsẹ́yìn. Bàbá rẹ̀ ń ṣàìsàn. Orí ni ó kọ́kọ́ ń fọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ọwọ́ òsì wọn kò gbé nǹkan mọ́. Àwọn ọmọ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan, níbi tí a ti ṣí orí wọn, tí a sì yọ kókó kan jáde nínú ọpọlọ. Ìwé tí àwọn oníṣègùn kọ nípa kókó náà ni wọ́n tẹ́ síwájú mi. Nítorí pé èdè ni mò ń kọ́ ní Yunifásítì, gbogbo ilé gbà pé kò sí ìwé tí n kò lè túmọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ èdè bí tèmi mọ bí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ti wúwo tó.

Mo kà á títí mo fi dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé iṣan ẹ̀jẹ̀ inú kókó náà ti pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, àti pé ìpele kẹrin ni àrùn náà wà. Bí mo ti rí i ni mo ṣe túmọ̀ rẹ̀. Ìyá ọ̀rẹ́ mi, tí wọ́n ń ta òwú fún àwọn ahunṣọ ìlú náà, gbójú sókè, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹ̀jẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ ni o wí yẹn. Ṣé kò dára ni?"

N kò rí èsì fọ̀. Ìbéèrè náà kì í ṣe ohun ẹ̀rín. Nínú èdè wa, ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ lára ni ara rẹ̀ le. Bí ọmọ bá rù tí ojú rẹ̀ funfun, a ó ní kò ní ẹ̀jẹ̀ lára. Bí ó bá bọ́ sípò padà, a ó ní ẹ̀jẹ̀ ti dé ara rẹ̀. Ta ni yóò gbọ́ pé iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ níbì kan tí kò ní dúpẹ́? Nígbà tí mo padà dé, mo pa ìwé èdè tì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo wọ ilé ìkàwé láti wá ìdí rẹ̀ tí àwọn oníṣègùn fi ń wo iṣan ẹ̀jẹ̀ inú kókó kí wọ́n tó sọ iye ìgbà tí ó kù fún aláìsàn. Ohun tí mo rí ni mo kọ sílẹ̀ yìí. Kí àwọn ọ̀gá wa nínú ẹ̀kọ́ ìṣègùn jọ̀wọ́ fojú fo ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti wọ́. Ẹnu ọ̀nà wọn ni mo dúró sí, n kò wọlé.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ orúkọ àrùn náà. Glioblastoma ni a ń pè é. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì ni a so pọ̀ níbẹ̀. Èkíní, glia, ni àtè, ohun tí a fi ń lẹ nǹkan mọ́ra. Èkejì, blastos, ni èéhù, irú èyí tí iṣu ń yọ. Rudolf Virchow, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì tí a bí ní ọdún 1821, ni ó mú ọ̀rọ̀ àtè yìí wọ inú ìmọ̀ ọpọlọ. Ó rí i pé ohun kan wà tí ó kún àárín àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gbé ìròyìn kiri nínú ọpọlọ, ó sì rò pé iṣẹ́ àtè lásán ni ohun náà ń ṣe. Lónìí a mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n orúkọ tí ó bá ti mọ́ni lára kì í kúrò bọ̀rọ̀. Nínú àwọn ẹ̀kọ́ tí Virchow kọ́ni nípa kókó, tí a tẹ̀ jáde láàrin ọdún 1863 sí 1867, ó pe kókó tí ó bá hù láti inú àtè yìí ní glioma. Nínú gbogbo ìdílé glioma, glioblastoma ni ó burú jù.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá ọdún 1884, ní Lọ́ńdọ̀nù, Rickman Godlee ṣí orí ọkùnrin kan, ó sì yọ glioma kan jáde. Kò sí ẹ́síréè nígbà náà, nítorí ọdún 1895 ni Röntgen ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Oníṣègùn mìíràn tí ń jẹ́ Alexander Hughes Bennett ni ó ti fi bí ara aláìsàn náà ti ń ṣe mọ ibi tí kókó wà kí ọ̀bẹ tó kàn án, bí ó sì ti wí ni wọ́n bá a. Aláìsàn náà lo bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, àrùn tí ó gba ojú ọgbẹ́ wọlé sì pa á. Bí àwọn mìíràn ti wá ń ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ kiri, tí aláìsàn sì ń yè é, ohun tí ẹbí ń fẹ́ gbọ́ ni bí ẹni wọn yóò ti pẹ́ láyé tó.

Ẹni tí ó fi ìṣirò dáhùn ni Harvey Cushing ti ìlú Boston ní Amẹ́ríkà. Ọkùnrin yìí a máa tọ́jú ohun gbogbo: kókó tí ó yọ, àwòrán aláìsàn, ìwé tí aláìsàn kọ sí i lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Àkójọ rẹ̀ ṣì wà ní Yunifásítì Yale títí di òní. Percival Bailey, tí ó bá a ṣiṣẹ́, ni ó jókòó ti máíkírósíkóòpù, awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, tí ó yẹ kókó tí ó ju 400 lọ wò. Ní ọdún 1926 àwọn méjèèjì tẹ ìwé kan jáde nínú èyí tí wọ́n pín glioma sí oríṣiríṣi gẹ́gẹ́ bí ìrísí sẹ́ẹ̀lì wọn, wọ́n sì kọ iye ìgbà tí àwọn aláìsàn lò láyé síwájú oríṣi kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan lo ọdún púpọ̀. Àwọn tí wọ́n ní irú tí à ń pè ní glioblastoma lónìí lo bí ọdún kan. Láti ìgbà náà ni ẹni tí ń wo awò ti di ẹni tí ń ka ọjọ́. (Àwọn méjèèjì tún kọ ìwé mìíràn ní ọdún 1928 lórí kókó tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ fúnra rẹ̀ máa ń dì. Àrùn ọ̀tọ̀ nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa á pọ̀ mọ́ èyí tí mò ń sọ.)

Wàyí o, kí ni wọ́n ń rí nínú awò náà? Ọpọlọ ènìyàn kò tó nǹkan bí a bá gbé e lé òṣùwọ̀n. Nínú ìwọ̀n 100 tí ara wa wọ̀n, ọpọlọ kò ju 2 lọ. Síbẹ̀, ìdá kan nínú márùn-ún afẹ́fẹ́ tí ara ń lò ni ọpọlọ ń jẹ. Nítorí náà iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wà létòlétò: tínrín, ògiri wọn kò ju ìpele sẹ́ẹ̀lì kan lọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà sì fún mọ́ra wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ohun púpọ̀ tí ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ kò lè yọ́ kọjá sínú ọpọlọ. Adènà tí kì í sùn ni wọ́n. Nínú glioblastoma, adènà ti sùn lọ. Ògiri iṣan nípọn, sẹ́ẹ̀lì ògiri gun orí ara wọn, iṣan kan lọ́ mọ́ èkejì, omi sì ń jò láti inú wọn sínú ọpọlọ. Omi tí ń jò yìí ni ó ń mú ọpọlọ wú, wíwú náà sì wà lára ohun tí ń fa orí fífọ́. Ní ibòmíràn ẹ̀jẹ̀ dì sínú iṣan, ibi tí iṣan náà ń bọ́ sì kú. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé nínú kókó kan náà a lè rí ibi tí iṣan ti pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, kí a sì rí ibi tí ó ti kú pátápátá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn oníṣègùn fi ń pe iṣan tí ó lọ́ mọ́ra bẹ́ẹ̀ mú inú mi dùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí ó ń sọ kò dùn. Glomeruloid ni wọ́n ń pè é, láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tí ó túmọ̀ sí òwú tí a ká jọ roboto. Nígbà tí mo kà á, Màmá tí ń ta òwú ni mo rántí.

Ẹnì kan tí ó fojú sí ìrìn kókó yìí lẹ́bàá iṣan ni Hans-Joachim Scherer, ará Jámánì, tí ó ṣiṣẹ́ ní Antwerp ní ìlẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ní àwọn ọdún 1930. Ó ṣàlàyé pé sẹ́ẹ̀lì glioma a máa tọ ẹ̀gbẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ, bí ẹni tí ń tọ ipadò, títí wọn yóò fi dé ibi tí ọ̀bẹ kò lè bá wọn mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. A ó padà sí i. N kò sì lè dárúkọ ọkùnrin yìí kí n má sọ ìyókù. Nígbà ogun, ó padà sí Jámánì, ó sì yẹ ọpọlọ àwọn ọmọdé tí ìjọba Hitler mọ̀ọ́mọ̀ pa wò. Ó kú ní ọdún 1945. Ìmọ̀ rẹ̀ wà nínú ìwé gbogbo, ohun tí ó ṣe náà sì yẹ kí ó wà níbẹ̀.

Gbogbo èyí ni a ń rí lẹ́yìn tí a bá ti yọ kókó tàbí lẹ́yìn tí aláìsàn bá ti kú. Ẹni tí ó jẹ́ kí a rí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú orí alààyè ni Egas Moniz ti ìlú Lisbon. Olóṣèlú ni kí ó tó fi gbogbo ara ṣe ìwádìí; òun ni ó ṣáájú àwọn aṣojú ilẹ̀ Pọtogí lọ sí ìpàdé àlàáfíà ní Paris lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní. Àrùn oríkèé ti ba ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè di abẹ́rẹ́ mú dáadáa. Almeida Lima ni ó ń bá a fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ náà. Èrò rẹ̀ kò ju èyí lọ: ẹ́síréè kì í fi ẹ̀jẹ̀ hàn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a fi oògùn tí ẹ́síréè lè rí sínú iṣan ọrùn, kí a sì yára ya àwòrán bí ó ti ń gòkè lọ sínú ọpọlọ. Aláìsàn kan kú lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1927 ó ṣe é ní àṣeyọrí lára ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún, iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ sì hàn kedere bí ẹ̀ka igi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Níbi tí kókó wà, ẹ̀ka náà a yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Bí kókó náà bá sì jẹ́ èyí tí ó burú, a ó rí iṣan wẹ́wẹ́ tí ó díjú. Láti ìgbà náà, àwòrán iṣan ti lè sọ fún oníṣègùn bí ọ̀rọ̀ yóò ti rí kí ó tó mú ọ̀bẹ. Owó ìmọ̀ yìí kò kéré o. Ní àwọn ọdún 1930 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn kan tí ń jẹ́ Thorotrast, tí ó ń mú àwòrán mọ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìtànṣán tí ń jáde lára oògùn náà kò kúrò nínú ẹ̀dọ̀ àwọn tí ó gbà á, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní jẹjẹrẹ lẹ́yìn ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1927 kan náà ni a bí Látúndé Ódẹ̀kù, ọmọ Àwẹ́, tí ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Amẹ́ríkà ni ó ti kọ́ ọ, ní Yunifásítì Michigan, ní àkókò tí ọgbọ́n Moniz wà lára ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1962 ó padà wá sí Ìbàdàn, ó sì dá ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn Yunifásítì. Ó kọ̀wé lórí kókó inú orí tí ó ń rí lára àwọn ènìyàn wa, ó sì tún ń kọ ewì. Ìwé ewì rẹ̀ méjì ni a tẹ̀ jáde ní ọdún 1964 àti 1969. Mo dárúkọ rẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n rò pé ẹni tí ń kọ ewì àti ẹni tí ń ṣí orí ènìyàn kò lè jókòó lórí àga kan náà. Ó kú ní ọdún 1974, kò tí ì pé ọmọ àádọ́ta ọdún.

Ní ti ìpele tí a kọ sínú ìwé Bàbá ọ̀rẹ́ mi, James Kernohan ti ilé ìwòsàn Mayo ní Amẹ́ríkà ni ó gbé irú ìpele mẹ́rin bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ ní ọdún 1949. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mú un rọrùn ni obìnrin ará Faransé kan, Catherine Daumas-Duport, ní ọdún 1988. Ó ní ohun mẹ́rin péré ni kí a máa wá: bóyá inú sẹ́ẹ̀lì ti yí padà, bóyá sẹ́ẹ̀lì ń pín, bóyá ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ ń pọ̀ sí i, bóyá ibì kan ti kú nínú kókó. Èyí tí ó bá ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin di ìpele kẹrin. Nínú àwọn aláìsàn tí wọ́n yẹ̀ wò, ìdajì àwọn tí ó wà ní ìpele kejì ṣì wà láàyè nígbà tí ó pé ọdún 4. Ní ìpele kẹrin, kò tó oṣù 9 tí ìdajì fi kú. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ti wá di ọ̀kan nínú ẹlẹ́rìí mẹ́rin tí ń jẹ́rìí sí ọjọ́ ènìyàn.

Bí iṣan bá wá jẹ́ ẹlẹ́rìí, ṣé kì í ṣe òun náà ni ọ̀daràn? Ìbéèrè yìí ni ó gba ọkàn Judah Folkman. Ọmọ rábì àwọn Júù ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nígbà tí ó ń sìn nínú ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, òun àti Frederick Becker fi sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ sínú ẹ̀yà ara ẹranko tí wọ́n gbé sínú ìgò, tí wọ́n sì ń fi omi bọ́. Kókó náà hù, ó dàgbà bí orí abẹ́rẹ́ onídìídì, ó sì dúró. Nígbà tí wọ́n gbé e sára eku alààyè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, ó sì tóbi. Kí ni eku ní tí ìgò kò ní? Folkman dáhùn pé iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun ni. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1971 ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn ńlá kan pé kókó a máa rán ìránṣẹ́ jáde láti pe iṣan ẹ̀jẹ̀ wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀, àti pé bí a bá lè dá ìránṣẹ́ náà dúró lójú ọ̀nà, ebi yóò mú kókó, kò sì ní lè dàgbà mọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà á gbọ́. Wọ́n ní wíwú ni iṣan ń wú nítorí ìpalára, bí ojú egbò ti ń pọ́n. Folkman kò dáhùn wọn pẹ̀lú ìbínú. Ó fi èérún kókó sínú ojú ehoro níbi tí iṣan kò sí, ó sì fi hàn bí iṣan ti ń rìn bọ̀ wá bá a díẹ̀díẹ̀.

Ìránṣẹ́ náà ni ó kù tí a kò tíì mú. Ní ọdún 1983 Harold Dvorak àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ohun kan tí kókó ń tú jáde tí ó ń mú iṣan jò. Ní ọdún 1989 Napoleone Ferrara àti àwọn tirẹ̀ rí ohun tí ń mú iṣan hù. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì rí, VEGF ni a sì ń pè é lónìí. Ní ọdún 1992 a rí i pé glioblastoma kún fún un, pàápàá ní etí ibi tí ó ti kú, níbi tí afẹ́fẹ́ kò tó sẹ́ẹ̀lì. Ọ̀rọ̀ wá bára mu. Sẹ́ẹ̀lì pọ̀ ju oúnjẹ lọ, wọ́n kígbe, iṣan sáré wá láìtò, ó ń jò, ó ń dí, ibòmíràn tún kú, igbe tún ń pọ̀ sí i.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ìwé ti pàdé ọ̀rọ̀ Ìsẹ́yìn. Bí mo ti ń ka nǹkan wọ̀nyí lọ́wọ́, ọ̀rẹ́ mi sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n wọn kan tí ń gbé òkè òkun ti ta wọ́n lólobó nípa oògùn kan tí ń pa ẹnu ìránṣẹ́ náà mọ́. Bevacizumab ni orúkọ rẹ̀. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún jẹjẹrẹ ìfun ní ọdún 2004, wọ́n sì fọwọ́ sí i ní ọdún 2009 fún glioblastoma tí ó bá padà wá lẹ́yìn ìtọ́jú. Owó rẹ̀ ga. Ilẹ̀ kan wà tí Bàbá rà sí ojú ọ̀nà Ṣakí, àwọn ẹbí sì ti ń wá ẹni tí yóò rà á. Wọ́n ní kí n wò ó nínú ìwé bóyá oògùn náà ń ṣiṣẹ́.

Mo wò ó, oorun kò sì kùn mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣé ẹ rí i, àwòrán àwọn tí ó gba oògùn náà dára gidigidi. Kókó tí ń tàn yòò nínú àwòrán ṣókùnkùn láàrin ọjọ́ díẹ̀, wíwú ọpọlọ sì lọ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá rí i yóò yin Ọlọ́run lógo. Nígbà náà ni a ṣe ìdánwò ńlá méjì, tí a tẹ̀ jáde ní oṣù kejì ọdún 2014. Nínú èkíní, aláìsàn 921 ni ó wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ni ó gba ìtọ́jú tí ó ti di àṣà láti ọdún 2005, ṣùgbọ́n ìdajì gba bevacizumab mọ́ ọn, ìdajì kò gbà á. Ní ti àwòrán, oṣù 10.6 ni ó kọjá kí kókó ìdajì àwọn tí ó gba oògùn tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, oṣù 6.2 ni ti àwọn tí kò gbà á. Ní ti ẹ̀mí, oṣù 16.8 ni ìdajì àwọn tí ó gbà á fi kú. Ti àwọn tí kò gbà á, oṣù 16.7. Ìdánwò kejì, tí aláìsàn 637 wà nínú rẹ̀, kò yàtọ̀: oṣù 15.7 fún àwọn tí ó gbà á, 16.1 fún àwọn tí kò gbà á. Ní ọdún 2017 a tún gbé ìdánwò mìíràn jáde, èyí tí a ṣe fún àwọn tí àrùn náà padà wá bá, bí ti Bàbá yóò ti rí bí ó bá padà. Ẹ̀mí kò gùn sí i níbẹ̀ náà.

Mo ka iye wọ̀nyí léraléra. Báwo ni àwòrán yóò ti dára tó bẹ́ẹ̀ tí ọjọ́ kò ní pọ̀ sí i? Apá kan èsì náà ni pé ohun tí ń tàn nínú àwòrán kì í ṣe kókó fúnra rẹ̀. Oògùn tí a fi ń ya àwòrán ni ó ń jò jáde láti inú iṣan tí kò dára. Bí bevacizumab bá dí ibi tí ń jò, ìmọ́lẹ̀ náà yóò kú, ṣùgbọ́n kókó lè wà ní ìjókòó rẹ̀. Apá kejì ni Scherer ti sọ ní àwọn ọdún 1930. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí a bá dí ọ̀nà iṣan tuntun, sẹ́ẹ̀lì a tọ ẹ̀gbẹ́ iṣan àtijọ́ lọ sínú ọpọlọ tí ara rẹ̀ dá. Ìránṣẹ́ mìíràn sì ń bẹ yàtọ̀ sí VEGF. Ní tèmi, àṣìṣe tí ó wà níbẹ̀ jọ èyí tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè máa ń ṣe, nígbà tí a bá rò pé nítorí a mọ àmì, a ti mọ ohun tí àmì náà dúró fún. Iṣan tí ó pọ̀ sọ òtítọ́ nípa ọjọ́ aláìsàn. Kò sọ pé òun nìkan ni ó ń pa á. Síbẹ̀ n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Folkman ṣe ẹlẹ́yà, nítorí fún àwọn jẹjẹrẹ mìíràn oògùn tí èrò rẹ̀ bí ti fi oṣù kún oṣù.

Ẹlẹ́rìí náà pàápàá kò dá jókòó mọ́. Ní ọdún 2008 a rí i pé nínú àwọn glioma kan, ìyípadà wà nínú ohun àjogúnbá sẹ́ẹ̀lì tí a ń pè ní IDH, àwọn tí ó bá ní ìyípadà yìí sì ń pẹ́ ju àwọn tí kò ní in lọ, bí iṣan inú kókó wọn tilẹ̀ rí bákan náà. Láti ọdún 2021, nínú ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé, ẹni tí kò ní ìyípadà IDH lè gba orúkọ glioblastoma láìsí iṣan tí ó pọ̀ rárá, bí àwọn àmì mìíràn bá wà nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀.

Mo padà sí Ìsẹ́yìn ní ọjọ́ Sátidé kan. Mo kọ́kọ́ sọ fún wọn pé èmi kì í ṣe dókítà, kí wọ́n bi ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Wọ́n ti bi í. Ó ti sọ fún wọn pé oògùn náà lè mú wíwú rọlẹ̀, kí ojú Bàbá sì mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n òun kò lè sọ pé yóò fi ọjọ́ kún ọjọ́ wọn. Ohun tí ìwé sọ náà nìyẹn. Bàbá, tí wọ́n ti ń dákẹ́ láti àárọ̀, ní kí ẹnikẹ́ni má ta ilẹ̀ òun.

Nígbà tí ilé dá, Màmá pè mí sẹ́yìn, wọ́n ní mi ò tíì dá ìbéèrè àwọn lóhùn. Mo wo inú agbọ̀n wọn, mo mú òwú kan tí ó ti díjú, mo ní, "Màmá, bí òwú bá pọ̀ tó báyìí, ṣé ẹ lè tà á?" Wọ́n ní, "Ta ni yóò rà á? Kò ṣe é hun." Mo ní bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ti rí nìyẹn, ó pọ̀, ṣùgbọ́n kò ṣe é hun. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Bàbá lo oṣù mọ́kànlá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà.

Mo fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ fún ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́. Iṣan ni mo lò nínú àròkọ yìí fún ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, bẹ́ẹ̀ ni iṣan kan náà ni à ń pe èyí tí ń fa ẹsẹ̀ ní ojú oorun, àti èyí tí ń gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń lo òpó ẹ̀jẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí àwọn àgbà ìlú rẹ̀ ń lò, tí yóò ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn, kí ó jọ̀wọ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí olóòtú ìwé yìí.